Aláago Tó Lọ Wo Òkun

Ọkùnrin kan wà ní ìlú tí wọ́n ti bí ìyá mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún aago ṣe. Bàbá Aláago ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Èkó ti ń wọkọ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó fi jókòó síbẹ̀ tí ó ń wo ẹ̀yìn àwọn tó ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò dé Èkó rí.

Fi ìwé ọwọ́ rẹ sílẹ̀ ná, Tíṣà, kí o gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé torí ìwé náà ni o ṣe wá. O ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwọ náà yóò kọ́kọ́ fojú kan Èkó, lẹ́yìn tí o ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, tí o sì ti fẹ̀yìntì. O ní torí pé èmi ni ọ̀gá rẹ nígbà kan rí, kí n bá ọ wò ó bóyá ètò rẹ pé. N óò dé orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláago ni kí a kọ́kọ́ sọ.

Ojú rẹ̀ ni ó mú un ronú àtilọ. Ẹni tó ń tún aago ṣe, ojú ni ó fi ń jẹun. Ní ọdún kan ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá tẹjú mọ́ inú aago, òun ń rí irin wẹ́wẹ́ tó wà láàárín, ṣùgbọ́n àwọn tó wà létí kò hàn sí òun mọ́. Ó lọ rí dókítà ojú. Dókítà sọ fún un pé àrùn náà kì í dunni, pé ńṣe ni ó ń ti ilẹ̀kùn ojú díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú. Ó ní oògùn náà yóò fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ju ọdún méjì lọ.

Aláago padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú ìwé kíkọ kan, ó kọ ohun mẹ́ta tí ó fẹ́ rí kí ilẹ̀kùn náà tó tì. Èkíní ni òkun. Èkejì ni afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá, tí wọ́n ní bí ènìyàn bá dé àárín rẹ̀ kò ní rí ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní rí òpin. Ẹ̀kẹta ni aago ńlá kan tí oníbàárà rẹ̀ kan sọ pé ó wà lókè ilé ìjọsìn, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn ju ènìyàn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta fún ohun mẹ́ta. Ó kọ aago tí yóò jí sí i, ó kọ aago tí yóò jáde, àti ìgbà tí yóò jókòó jẹun. Ètò tó mọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé o kọ irú rẹ̀ wá fún mi ni, ǹ bá kàn fọwọ́ sí i ni kí o máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣe àṣìṣe. Ó sọ ọ́ fún ará ilé.

O mọ àṣà wa. Bí ẹnìkan bá ń lọ sí ìlú ńlá, kì í ṣe òun nìkan ni ó ń lọ. Gbogbo agbo ilé tó bá lọ́mọ síbẹ̀ ni yóò fi nǹkan rán an. Ẹnikẹ́ni kì í bi í bóyá ó ráyè. Ẹni tó bá ní òun kò gba iṣẹ́, wọ́n á ní ahun ni, wọ́n á ní ọ̀dájú ni, ẹbí kò sì ní gbàgbé títí ọjọ́ tí òun náà yóò fi nílò ènìyàn. N kò sọ pé àṣà náà burú láti ìpìlẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà ń pẹ́ lọ́nà, iṣu tí a fi ránṣẹ́ ni a fi ń mọ̀ pé ọmọ wa wà láàyè, nítorí pé ẹni tó gbé e lọ ni yóò padà wá sọ fún wa. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí àwọn ọmọ náà ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù láràárọ̀, iṣu kan náà sì wà ní ẹ̀yìn ilé wọn fún títà. Ẹrù ni ó ṣẹ́kù nínú àṣà náà, a kò sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ aláago ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Ìgò àdí kan ni ó mú lọ́wọ́, kí ó bá òun fún ọmọ-ọmọ òun tí ara rẹ̀ máa ń gbóná. "Kékeré ni," ni ó wí. Kékeré ni lóòótọ́. Ó gbà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ilé ti gbọ́ pé ó ń gba iṣẹ́. Èlùbọ́ dé. Iṣu mẹ́fà dé. Irú dé nínú ọ̀rá mẹ́ta, òórùn rẹ̀ sì ń jáde bí ẹni pé kò sí ọ̀rá kankan. Ẹnìkan mú ààyè adìyẹ wá, ó ti so ó lẹ́sẹ̀, ó ní ọmọ òun gan-an ni kí ó fi lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹlòmíràn. Olórí ẹbí fi odidi àpò gàrí ránṣẹ́.

Nítorí pé àdírẹ́sì pọ̀, wọ́n ní kí ó mú ìwé wá. Ìwé kan tó wà nítòsí ni ìwé ètò rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí etí, nígbà tí àyè tán wọ́n ń kọ ọ́ sáàárín ìlà. Ẹnìkan kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, òkun. Aláago rí i, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn ni n kò tí ì lè dárí rẹ̀ jì í títí di òní, òun náà sì sọ fún mi pé òun kò tí ì dárí rẹ̀ ji ara òun.

Ó lọ. O fẹ́ mọ ohun tí ó rí l'Ékòó? Géètì ni ó rí. Ó rí géètì dúdú, ó rí géètì tó ní kìnnìún lórí, ó rí èyí tí wọn kò kùn. Ní àwọn ibòmíràn ẹni tí ó ń wá ti kó kúrò, ní ibòmíràn wọ́n ní kí ó gbé e kalẹ̀ sọ́dọ̀ mẹ́gáàdì. Ọmọ ọlọ́mọ kan na ọwọ́ láti inú ihò géètì, ó gba irú, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, ẹ bá mi kí wọn nílé," ó sì padà wọlé kánkán kí àwọn alábàágbé rẹ̀ má bàa gbọ́ òórùn. Ó dé orí afárá lẹ́ẹ̀mejì, inú ọkọ̀ ni ó wà, àpò gàrí sì wà lórí itan rẹ̀ tó dí fèrèsé.

Ní ọjọ́ kẹta, adìyẹ nìkan ni ó kù. Ó dé ilé ẹni tó ni ín ní ọ̀sán, wọ́n ní kò tí ì ti ibi iṣẹ́ dé. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́nu géètì. Bí ó ti jókòó, ó ń gbọ́ ariwo kan tí kò dáwọ́ dúró, tó ń ròkè tó ń wálẹ̀. Ó bi mẹ́gáàdì pé kí ni.

"Òkun ni, Bàbá," ni mẹ́gáàdì wí. "Ẹ̀yìn àwọn ilé yẹn ni. Kò jìnnà rárá."

Kò jìnnà ju ìhín dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ ọmọ náà gan-an ni, bí ó bá sì dìde tí ọmọ náà dé lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó jókòó ti adìyẹ. Ọmọ náà dé ní aago mẹ́rin kọjá, ọkọ̀ tí aláago yóò bá padà sì ń lọ ní aago márùn-ún. Ó fi adìyẹ lé e lọ́wọ́, ó sáré lọ sí ibùdókọ̀. Inú bí mi nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi. Ó ṣì ń bí mi.

Nílé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Ó ra búrẹ́dì bọ̀ bí ẹni tó ti Èkó dé ṣe máa ń ṣe, wọ́n pín in. Wọ́n ní, "Báwo l'Ékòó?" Ó ní, "Géètì wọn pọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ojú òsì tì pátápátá.

Ẹlòmíràn ì bá ti gba kádàrá. Aláago ra ìwé kíkọ tuntun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì kọ sí i: òkun. Ó ku ojú kan, ohun kan ni ó lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò wá sí i lọ́kàn kí ó yọ́ lọ ní ìdájí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ó wá sí òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n olè ni ó ń yọ́ rìn, òun kò sì jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ó wá páálí kan, ó fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà, ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tí gbogbo èrò ibùdókọ̀ ti lè kà á: Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ wo òkun. N kò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ìlú kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n mú ẹrù dé tí ó dá a padà, ẹ̀rín tán. Olórí ẹbí pè é sí ìpàdé.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé olórí ẹbí yìí ní òwe kan tí kì í fi í sílẹ̀. Ìpàdé yòówù, ọ̀ràn yòówù, bí ẹ̀rù bá ti ń ba ẹbí, yóò húkọ́ díẹ̀, yóò ní, "Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù." Gbogbo ilé yóò mi orí. Ó sì ti pa á lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan, kí wọ́n tó kan aláago.

"Ta ló kú l'Ékòó?" ni olórí ẹbí bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

"Ṣé ara rẹ ni ò yá?"

"Ara mi yá."

"Ta lo wá ń lọ rí?"

"Òkun ni, Bàbá."

Olórí ẹbí wo àwọn àgbà tó kù. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Omi tí ò ṣeé mu. Ojú ẹ̀ ń fọ́, omi ló fẹ́ lọ wò. A ní kó bá wa gbé nǹkan fọ́mọ, ó ní òun ò gbé, àfi kóun lọ wo omi."

Aláago dọ̀bálẹ̀. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ni ó ti dáhùn, kò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ọdún wo lẹ rí òkun?"

Olórí ẹbí tún aṣọ rẹ̀ ṣe léjìká. Aláago ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

"Ta ló ti rí i nínú wa? Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn nínú ilé yìí. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ó ku díẹ̀ kójú mi tì, Bàbá. Ẹ jẹ́ kẹ́nìkan lọ rí i nínú ẹbí yìí."

Olórí ẹbí dìde. Ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tójú ọ̀hún bá tì tán, má retí pé ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí máa fà ọ́ lọ́wọ́."

Tíṣà, ro ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ẹni tí ó mọ̀ dájú pé òun yóò fọ́jú, ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ìgò àdí ni ó tún mú lọ́wọ́. Ó ní, "Kékeré ni. O lè kọ̀ fáwọn yẹn, èmi ni mo pọ̀n ọ́." Aláago gba ìgò náà, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ìgò tí kò ga ju ìka lọ. Ó ní gbogbo àpò gàrí àti iṣu tí òun dá padà kò wúwo tó o. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ géètì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "mi ò lè gbé e. Tí mo bá gbé tiyín, mo ti gbé ti gbogbo ilé."

Ó dá a padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á, kò sọ pé ó dàbọ̀. O rò pé kò dùn ún? Ó sunkún nínú ọkọ̀ débi pé ó bẹ̀rù pé omijé yóò fọ oògùn ojú rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀.

Ó dé etí òkun ní ọ̀sán. Ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun rí ni pé òkun ga. Bí ènìyàn bá dúró sí etí rẹ̀, ńṣe ni ó dà bíi pé omi náà wà lókè ju ilẹ̀ lọ, tí nǹkan kan sì ń dì í mú kí ó má dà lé èrò lórí. Ó wá etí rẹ̀ kejì títí, kò rí i. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ka bí ìgbì ṣe ń dé, kò sì sí méjì tó bá ara mu. Ó ní inú òun dùn débi pé òun rẹ́rìn-ín sókè, nítorí pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, aago tí kò nílò àtúnṣe tí òun kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ọjọ́ méjì ni ó fi wà níbẹ̀, àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò wá aago ńlá náà lọ. Afárá kàn wà lójú ọ̀nà ni, ó sì wò ó dáadáa, kò sí nǹkan kan lórí itan rẹ̀.

Kò ra búrẹ́dì bọ̀. Kò sì sí ẹni tó bi í pé báwo l'Ékòó.

Kí ọdún tó yí po, ojú kejì tì. Olórí ẹbí mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, kò sẹ́ni tó fà á lọ́wọ́. Àmọ́ aláago ti ka ìgbésẹ̀ láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù kí ojú tó tì, òjìlénígba ó lé méjì ni, ó sì ń fi ọ̀pá kà á láràárọ̀. Aago ògiri nìkan ni ó ń tún ṣe nígbà náà, etí àti ìka ni ó fi ń tún un ṣe. Ó ní àwọn oṣù náà le. N kò ní parọ́ fún ọ pé kò le.

Ìpàdé ẹbí kan wá dé, lórí ẹjọ́ tó tóbi ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ní rí lọ. Ìdajì ilẹ̀ ilé ni ẹlòmíràn fẹ́ gbà lọ. Àwọn ènìyàn ń kẹ́dùn, àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ náà máa lọ. Olórí ẹbí húkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ojú tó ti rí òkun…" Ó bojú wo igun ibi tí aláago jókòó sí. Nínú gbogbo ilé náà, ojú kan ṣoṣo tó ti rí òkun ni èyí tó tì yẹn.

Olórí ẹbí yí ara sí i. Ó ní, "Aláago, bá mi parí ẹ̀."

Aláago parí rẹ̀. Ó wí pé, "Kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Èmi ò bẹ̀rù, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ kóòtù."

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fà á lọ́wọ́ lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, ó bi í pé, "Báwo ló tiẹ̀ ṣe rí gan-an, òkun ọ̀hún?" Wọ́n dúró síbẹ̀ nínú oòrùn títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ó yá, mú ìwé rẹ wá.

O kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé Ìrìnàjò Ìgbafẹ́ Mi, o sì fàlà sí i nídìí. Ìlà mọ́kànlá ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọ rẹ, láti bá a tọ́jú ọmọ. Iṣu fún àbúrò ọkọ rẹ. Aṣọ ìyàwó pásítọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí o lọ ṣojú wa. Mo wá òkun, n kò rí i. Mo wá afárá, n kò rí i. Mo wá ohunkóhun tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ rí, láti ìlà kìíní dé ìkọkànlá, kò sí.

Ya á. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ya á. N kò ní kí o má ṣoore mọ́. O ti ṣe é fún ọdún márùndínlógójì, gbogbo ìlú yìí ni ó jẹ ẹ́. Iṣu yóò dé Èkó láìsí ìwọ, ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ lójoojúmọ́. Kò sí ọkọ̀ tó lè gbé òkun wá fún ọ níbí. Wọn yóò bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú. Wọ́n lè má bá ọ sọ̀rọ̀ títí di ọdún iṣu tuntun. Aláago rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fọ́jú, kò sì kábàámọ̀.

Ó ku ohun kan. Ṣé o rí àpò gàrí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn? Tèmi ni. Láti àárọ̀ ni mo ti dì í. Àdírẹ́sì ọmọ mi wà nínú àpò aṣọ mi níhìn-ín, mo ń dúró kí o dìde àtilọ kí n tó mú un jáde, mo sì ti mọ ohun tí n óò sọ. Kékeré ni, ni n óò sọ.

Ọ̀dọ̀ mi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni ọ̀gá rẹ, bí o bá lè kọ̀ ọ́ fún mi, ìyàwó pásítọ̀ kò ní dẹ́rù bà ọ́. Dìde dúró, Tíṣà. Wò mí lójú, kí o sì wí pé, "Bàbá, mi ò gbé e." Mo ń gbọ́.